Gbèsè Ìwé Nọ́ọ̀sì àti Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Lọ Bẹ̀ ní Coolock

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń jókòó tì mí lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ilé-kéwú, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì: "Mama, ṣé nursing worth it?" Háwáù, ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi, tilẹ̀ ti ya ìlà sórí fóònù rẹ̀. Ó to owó ilé ẹ̀kọ́ sí apá kan, ó to owó oṣù nọ́ọ̀sì tuntun sí apá kejì, ó wá ń wojú mi bí ẹni tó fẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Mo ní ìṣirò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí kò sí nínú rẹ̀. Ó ní, "What year?" Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi ná, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú o, mo sì mọ ibi tí òkúta wà. Ohun tí mo sọ fún Háwáù lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún gbogbo yín, nítorí ẹnu mi ti ń rẹ̀ mí.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó dé Dublin, mo ti bá dókítà kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀sílárì ni wọ́n ń pè wá. A kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwa là ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí èmi àti Bàbá Ràfíù, ọkọ mi, dé Dublin, ìlú náà ń kọ́lé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Gbogbo ibi tí ojú bá wò, kíréènì ló wà, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sì ń wá òṣìṣẹ́. Mo rò pé wọn yóò dì mọ́ mi. Ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì wo ìwé tí dókítà Ìbàdàn kọ fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "That's grand," ó sì fún mi ní iṣẹ́ ilẹ̀ fífọ̀. Ẹnu yà mí. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Ti owó oṣù ibẹ̀ kò gba àlàyé. Ó tó jẹ, kò tó fi pamọ́.

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sọ fún mi nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, níbi tí àgbàlagbà ti lè lo ọdún kan, kó fi múra sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa tó ti hu ewú ní kí a máa pe òun ní Joan. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ma" ni mo pè é títí ọdún náà fi parí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo yege, mo sì rí àyè nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gan-an, ọdún mẹ́rin gbáko.

Lẹ́tà owó ilé ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé e. Nítorí pé ìwé ìgbélùú wa kò tíì pé nígbà náà, iye tí àlejò ń san ni wọ́n kọ fún mi. Nígbà tí mo kà á, mo rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fi òdo kan kún un. Mo pe fóònù wọn, kí n lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Obìnrin náà ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Lásìkò yẹn, gbogbo ènìyàn ní mọ́sáláṣí wa ló ń yáwó ra ilé. Bánkì ń lé ènìyàn káàkiri pé kí wọ́n wá yá owó. Kò sí bánkì tó lé wa pé ká wá yá ti ìwé kíkà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa, ní Huntstown, ló gbà láti máa yá mi lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ onídùúró. Bàbá Ràfíù ń wa takisí nígbà náà. Ọkọ̀ yẹn là ń jẹ, òun là ń mu, òun náà ló sì fi dúró. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi kó tó fọwọ́ sí i. Ó ní bí mo bá jáde, òun mọ̀ pé owó oṣù nọ́ọ̀sì yóò san gbèsè náà. Bí n kò bá jáde ńkọ́? Mo ní mo máa jáde. Ó fọwọ́ sí i.

Ìdajì ọdún nínú kíláàsì, ìdajì nínú wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ilé ìwòsàn tí wọ́n rán mi lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Assumpta ló ń ṣe alákòóso wọ́ọ̀dù náà, wọ́n sì fi mí sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kúkurú, ará oko, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yẹn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń dún bọ̀, àwọn dókítà pàápàá á gbé ọwọ́ kúrò lápò. Mo ti rí ọ̀gá tó le ní Ìbàdàn, ẹni tó ń fi bàtà sọ òṣìṣẹ́. Èyí kì í pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó lè dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń wẹ̀ fún bàbá arúgbó kan, kò ní sọ nǹkan kan. Bí mo bá parí, á ka ohun méje tí mo ṣe tí kò tọ́. Ó ní ọwọ́ mi tutù jù, kí n máa rì í bọ omi gbígbóná kí n tó fọwọ́ kan ara ènìyàn. Ìgbà mẹ́rin ló ní kí n tú aṣọ ibùsùn kan kí n tún un tẹ́, lójú àwọn tó wá kí aláìsàn. Nígbà tí mo kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn kan sùn dáadáa, ó béèrè bóyá mo jókòó ti obìnrin náà mọ́jú. Mo ní rárá. Ó ní kí n kọ ohun tí mo rí, kí n fi èyí tí mo rò sílẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Òfin rẹ̀ kan ló ká mi lára. Kí o tó fún aláìsàn ní ohunkóhun, ìbáà ṣe omi lásán, o gbọ́dọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o ka orúkọ tó wà lára ọ̀já ọwọ́ rẹ̀, kí o pe orúkọ náà jáde, kó sì dá ọ lóhùn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni o. Kò sí Màmá, kò sí Ìyá Lágbájá.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí kò ní mọ bó ṣe rí lára mi. Èmi tí n kò pe orúkọ ọkọ mi rí láti ọjọ́ tó fẹ́ mi. Èmi tí mò ń pe ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún kan péré jù mí lọ ní Bọ̀ọ̀dá. Kí n wá dúró níwájú obìnrin ẹni ọgọ́rin ọdún, kí n pè é lórúkọ bí ẹni ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́. Ẹnu mi kọ̀. Mo ń pe gbogbo wọn ní Mama àti Baba, inú wọn sì ń dùn sí i. Nọ́ọ̀sì Assumpta ló kórìíra rẹ̀. Ó ní màmá mẹ́fà ló wà nínú yàrá yìí, èwo nínú wọn? Mo máa ń kùn ún lẹ́nu pé èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nínú ọkàn mi, mo ní òyìnbó kò mọ àgbà lágbà. Ibùsùn ni mo fi ń dá wọn mọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi, títí dé òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún kejì.

Obìnrin kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Philomena. Ìyẹn kọ́ lorúkọ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, ọ̀fun rẹ̀ kò lágbára láti gbé omi lásán mì. Ìyẹ̀fun kan wà tí a máa ń pò mọ́ tíì rẹ̀ títí yóò fi ki bí ògì, kó má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń fún un. Ṣùgbọ́n n kò wá síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì ti pààrọ̀ ibùsùn Philomena àti ti obìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé láìjẹ́ pé mo mọ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo gbé tíì tó ki fún ẹni tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ṣùgbọ́n ibùsùn ni mò ń wò, n kò wo ojú. Mo gbé èyí tó ṣàn lọ sẹ́bàá fèrèsé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ dojú kọ ògiri, ó fi aṣọ bo ọwọ́. Mo ní, "Mama, your tea. Is it yourself?" Ó ní, "It is, love." Ní orílẹ̀-èdè yìí, ta ni yóò sọ pé òun kọ́ ni wọ́n gbé tíì wá fún? Mo gbé ife náà sí i lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀jẹun ni wọ́n ń fi bá wí, èmi sì rí i lójúkojú. Ojú obìnrin náà yí padà, ohùn kan sì ń jáde lára rẹ̀ tí n kò gbọ́ lára ènìyàn rí. Mo tẹ aago. Nọ́ọ̀sì Assumpta sáré dé, ó fi ẹ̀rọ fa ohun tó wà lọ́fun rẹ̀ jáde, èémí padà. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, ibà ti gbà á, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gba omi, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Nọ́ọ̀sì Assumpta pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó béèrè ẹni tí mo fún ní tíì. Mo ní Mama tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo la ẹnu. Mo mọ orúkọ náà, mo ti rí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò pè é jáde rí, kò sì wá. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, àwọn yóò pè mí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bò ó mọ́ra kí n tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Ràfíù pẹ̀lú ẹkún. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ tán. Ó béèrè ta ló ti lọ bẹ àwọn ẹbí obìnrin náà. Mo ní kò sẹ́ni tó lọ. Ó ya òun náà lẹ́nu. Ó ní ọmọ ènìyàn wà lẹ́nu ikú nítorí tiwa, ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá, a sì jókòó sílé bí ẹni tí kò lẹ́bí? Ó ní kí ni wọn yóò máa rò nípa wa? Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń gbé. Mo ti rí i nínú ìwé aláìsàn náà pé ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ní àdúgbò Coolock. Mo sọ orúkọ obìnrin náà, mo sọ òpópónà, mo sọ nọ́ńbà ilé. Mo sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò ń rọ̀ níta.

Ó pe Alfa Sàlámì láti mọ́sáláṣí wa, ó pe Pásítọ̀ Dúró tó jẹ́ aládùúgbò wa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ agbádá, wọ́n kó sínú takisí. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n, ọkàn mi sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi ni mò ń sọ yìí. Ọmọ obìnrin náà, tí a ó máa pè ní Geraldine, ló ṣílẹ̀kùn, aṣọ ìnu-àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ràfíù ní, "Madam, we have come to beg." Kó tó béèrè pé kí ni wọ́n ń tọrọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tó tutù fún òjò. Alfa Sàlámì ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Geraldine rò pé ara wọn ló kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ará ilé kejì jáde pẹ̀lú fóònù, ó fẹ́ pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn. Nígbà tó wá yé Geraldine pé ẹ̀bẹ̀ ni, ó gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú wọn wọlé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, Alfa ṣe àdúà, Pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá Ràfíù ní ọ̀rọ̀ ti tán, Geraldine fún àwọn ní tíì àti bisikíìtì.

Lọ́jọ́ Monday, ilé ẹ̀kọ́ pè mí. Mo fi aṣọ tó dára sára, nítorí mo rò pé ìdáríjì ni wọ́n fẹ́ kéde. Obìnrin tó pè mí kò ní kí n jókòó. Ó béèrè bí ọkùnrin mẹ́ta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ṣe mọ ilé aláìsàn. Mo dáhùn pẹ̀lú inú kan pé èmi ni mo sọ fún wọn. Ó fi bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Geraldine kò fi wá sùn. Ó kàn pe wọ́ọ̀dù náà láti béèrè àlàáfíà mi ni, ó ní àwọn èèyàn mi wá kí òun. Ẹni tó gbé fóònù ló kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin ilé ẹ̀kọ́ ṣàlàyé fún mi pé orúkọ aláìsàn, àìsàn rẹ̀, ilé rẹ̀, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ bá mi kọjá ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní ti tíì yẹn, àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni, ìwé ojú kan ni wọn ì bá kọ lórí rẹ̀. Ti èyí ni wọ́n lè torí rẹ̀ lé mi dànù. Ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀, ohun tójú ò rí rí. Níbi tó ti yẹ kí n pe orúkọ obìnrin náà, ẹnu mi kọ̀. Níbi tí kò yẹ kí n ti pè é, mo pè é tàdírẹ́ẹ̀sì tàdírẹ́ẹ̀sì. Mo sì rò pé ọmọlúàbí ni mò ń ṣe nígbà méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi wà nílé. Bàbá Ràfíù kò bá mi jà. Èyí tó burú jù ni pé ara rẹ̀ ló ń bá jà, ó ń sọ pé òun lòun tì mí. Ó ń wa ọkọ̀ láti ìdájí, nítorí pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò mọ̀ pé wọ́n dá mi dúró, wọ́n ń retí tiwọn. A kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá ti dé, èmi àti òun á jọ wò ó láti ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ mi, àwọn mẹ́rin tí yóò dá ẹjọ́ náà ló wà níbi tábìlì. Nọ́ọ̀sì Assumpta dìde, ó ka ìwé rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló ti kìlọ̀ fún mi láti máa pe orúkọ, ó sì kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ, orí mi ń wú. N kò mọ̀ pé ẹnìkan lè wo ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Kò fi ọ̀kan pamọ́ nínú gbogbo rẹ̀, kò sì fi ọ̀kan kún un.

Geraldine náà wà níbẹ̀. Wọ́n pè é kó lè sọ bí ìbẹ̀wò àwọn ọkùnrin náà ṣe rí. Ohun tó sọ nìyí, bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní èdè wa:

"Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìyá mi fi wà lórí ẹ̀rọ. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé yìí, kò sẹ́nì kan tó sọ fún mi pé ẹ má bínú. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní agbẹjọ́rò ló ní kí wọ́n má sọ ọ́. Ọkùnrin mẹ́ta tí n kò mọ̀ rí ló dojú bolẹ̀ nínú òjò lẹ́nu ọ̀nà mi. N kò sọ pé ohun tí obìnrin yìí ṣe dára. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kọ èyí náà sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gbé bírò nínú àwọn mẹ́rin náà. Nọ́ọ̀sì Assumpta nìkan ló ṣí ìwé rẹ̀, tó kọ ọ́.

Wọn kò lé mi. Wọ́n ní kí n tún ọdún náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kí n sì san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Háwáù, ọdún tí kò sí lórí fóònù rẹ nìyẹn.

A jókòó nílé ìdáná, èmi àti Bàbá Ràfíù, a tún un gbé wò. Ilé ìtọ́jú arúgbó ti ní kí n padà wá. Ó ní bí mo bá padà, gbèsè tó wà nílẹ̀ yóò tán bó pẹ́ bó yá, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Bí mo bá tún yá òmíràn, bí mo bá sì tún kọsẹ̀, a ti tán nìyẹn. Lórí ìwé, òun ló jàre. Mo sọ fún un pé òun ló jàre. Mo ní ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohùn ọ̀fun obìnrin yẹn. N kò tún lè gbé tíì lọ bá ènìyàn mọ́, kí n máa ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó lè ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ tán, tàbí kí n padà sídìí ilẹ̀ fífọ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè pé bí ìyàwó rẹ̀ bá tún fìdí rẹmi, tí ọkọ̀ bá lọ, kí ni yóò ṣe? Ó ní òun ní ẹsẹ̀.

Wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n dá mi padà sí, lábẹ́ obìnrin kan náà. Philomena kò sí níbẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ti yá, wọ́n ti gbé e lọ sílé. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fún ní omi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo pe orúkọ rẹ̀. Bàbá náà ní, "Present, Miss," ó sì fi mí rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì Assumpta ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó sì kọjá lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo jáde, mo sì ṣe iṣẹ́ náà títí wọ́n fi ní ó tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìgò ni a fi ń wọn ibà, tó bá já bọ́, gbogbo wa á máa lé ohun dídán inú rẹ̀ kiri ilẹ̀. Ìwé ni a ń so mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ọwọ́ la fi ń yí ibùsùn sókè, ẹ̀yìn mi ò sì tíì gbàgbé. Nígbà tí mo fi máa lọ, kọ̀ǹpútà ló gba ibi gbogbo. Wọ́n á na ẹ̀rọ kékeré kan sí ọ̀já ọwọ́ aláìsàn, á dún pín-ín, orúkọ á yọ. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ ṣe gba ohùn pín-ín yẹn gbọ́. Èmi ṣì ń pe orúkọ. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Ti owó ńkọ́? Ọdún tí Ràfíù ọmọ wa wọ sẹ́kọ́ńdírì ni mo san èyí tó kẹ́yìn. Nígbà yẹn, ọjà ilé ti dojú dé, kíréènì ti dúró, àwọn tó ń fi wá rẹ́rìn-ín pé ìwé là ń yáwó kà ń wá bí wọ́n ṣe máa dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bánkì. Wọ́n gé owó oṣù tiwa náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí àìsàn dúró. Ẹ ṣírò o, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè bóyá àwọn tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ mọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ béèrè ohun tí onídùúró yín yóò pàdánù bí ẹ bá ṣubú. Bí ẹ bá sì kọ ọdún mẹ́rin, ẹ yá ti márùn-ún. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ iye tí àáké náà jẹ́.

Ohun kan ló kù tí n kò sọ fún Háwáù. Nígbà ìrúwé ọdún tí mò ń tún ṣe náà, fóònù Bàbá Ràfíù dún. Geraldine ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, lórí oorun, nínú ilé, lórí ibùsùn ara rẹ̀. Ó ní bí kò bá ní jẹ́ ìnira, òun fẹ́ kí àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn wá sí ìsìnkú. Wọ́n wọ agbádá wọn, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Coolock, ó sì mú wọn jókòó síwájú láàárín ẹbí. Èmi kò lọ.

Bàbá Ràfíù padà dé pẹ̀lú kéèkì tí wọ́n wé fún un. Ó jókòó, kò tíì bọ́ agbádá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa òkú náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní, "Ìyá Ràfíù, irú ènìyàn wo gan-an ni ìyá yẹn, nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín?"

Mo mọ èsì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wẹ̀ fún un, tí mo fi yà á lórí, tí mo fi gbọ́ ohun tó ń sọ nígbà tí kò sí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Mo ní, "Bàbá Ràfíù, n kò mọ ẹni tí ẹ ń sọ."

Ó tú kéèkì náà, ó gbé e síwájú mi.

"Ó dáa," ó ní. "Owó yẹn ò ṣòfò."